Àpáta Tó Jẹ́ Ti Àwọn Ìyàwó

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ Bánkọ́lé. Láti ìgbà tí ẹ ti wọlé ni ẹ ti ń wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ẹ sì ti bi mí léraléra pé níbo ni Ìyá wà. Mo mọ̀ pé bàbá yín ló rán yín. Ó kó bísíkíìtì àti àpò sẹmó lé yín lọ́wọ́, ó ní bí ẹ bá ti wálé fún ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ òun, kí ẹ yà kí mi, kí ẹ sì bá òun bẹ̀ mí. Ó dáa. Ìyá yín àgbà, ìyàwó mi, wà ní Àrándùn, nílé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ó ti kó kúrò lọ́dọ̀ mi. Àgbà obìnrin tó yẹ kó fẹ̀yìn ti kí àwọn ọmọ-ọmọ máa gbé oúnjẹ wá bá a ló padà sílé bàbá rẹ̀ bí ẹni tí ọkọ lé, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ kò lé e. Ọwọ́ bàbá yín ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Inú ń bí mi, n kò ní purọ́ fún yín. Màá sọ ọ́ ní Yorùbá tí ẹ gbọ́, torí bí mo bá fi Ìgbómìnà sọ ọ́, ẹ ó kàn máa mi orí fún mi ni.

Ẹ ò mọ Etí-Àpáta. Ẹ lè rò pé ẹ mọ̀ ọ́n torí wọ́n ti gbé yín gba ibẹ̀ kọjá nínú mọ́tò rí, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ rí kì í ṣe abúlé wa. Nígbà tiwa, bí ènìyàn bá fi títì Òmù-Àrán sílẹ̀ tó yà sọ́nà oko, odò kékeré kan ló máa kọ́kọ́ kàn, tí a fi igi dá afárá lé lórí. Afárá yẹn ti sọ ọ̀pọ̀ àlejò sómi. Tí ó bá kọjá odò, yóò rí àwọn igi igbá tí a ń ká fún irú, yóò rí ilé ìwé oníyàrá kan tó ń di ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, yóò rí mọ́sálásí alámọ̀ tí wọ́n fi páànù bò. Igi àgbálùmọ̀ kan wà láàárín abúlé, abẹ́ rẹ̀ ni àwa ọkùnrin ti ń tayò, tí a ti ń parí ìjà. Lẹ́yìn gbogbo ilé wá ni àpáta náà wà. Ẹ má fi ọkàn ya òkè o. Kò ga rárá. Ó kàn tẹ́ pẹrẹsẹ ni, ó fẹ̀ ju pápá tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ, ó dúdú, ojú rẹ̀ sì ń dán torí ẹsẹ̀ àti ìgbálẹ̀ tó ti ń gba orí rẹ̀ kọjá láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Gbódó ni wọ́n ń sá síbẹ̀. Ẹ̀yin ń jẹ ọkà, ẹ ò mọ bó ṣe ń di ọkà. Iṣu ni wọ́n máa bẹ, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, wọ́n á jẹ́ kó sùn sínú omi náà, wọ́n á wá kó o lọ sóòrùn títí yóò fi gbẹ. Èyí tó gbẹ yẹn là ń pè ní gbódó, òun ni wọ́n ń gún tí wọ́n ń lọ̀ di èlùbọ́. Bí ọyẹ́ bá ti dé, gbogbo abúlé á máa rùn fún iṣu bíbọ̀. Àwọn obìnrin á ru agbọ̀n lọ sórí àpáta ní kùtùkùtù, wọ́n á tẹ́ iṣu náà sílẹ̀, oòrùn á mú un lókè, òkúta gbígbóná á mú un nísàlẹ̀. Ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú dáadáa, orí àpáta yẹn á funfun, ojú ò ní lè wò ó.

Ìró tó ṣì wà létí mi ni ti ọ̀sán, nígbà tí wọ́n bá ń yí gbódó padà. Èyí tó ti gbẹ máa ń dún kànràn-kànràn lórí òkúta, èyí tí kò tíì gbẹ á kàn dún pọ̀. Ìyá mi á jókòó sí ẹ̀bá ògiri, á dijú, á máa sọ fún àwọn ìyàwó pé ẹ kó ti apá ọ̀tún, ẹ fi ti apá òsì sílẹ̀ di ọ̀la. Àwọn ará Òmùpo máa ń wá ra èlùbọ́ wa, wọ́n á ní kì í ní iyanrìn. Lónìí, etí títì ni wọ́n ń sá a sí. Típà ń kọjá, eruku ń bò ó, ewúrẹ́ ń tẹ̀ ẹ́, bí ènìyàn bá sì ń jẹ ọkà, á máa gbọ́ iyanrìn láàárín eyín. Bọ́lá, ọmọ mi tó ni ilé tí ẹ bá mi yìí, ra irú rẹ̀ lọ́jà lóṣù tó kọjá. Mo jẹ ẹ́ díẹ̀, mo ní ó tó mi.

Ẹ wá fetí sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ọkùnrin kankan kò ní àpáta yẹn. Ilẹ̀ oko, àwa ọkùnrin la ni ín, àwa la sì ń jà lórí ààlà. Àwọn ìyàwó ló ni àpáta, àní àwọn tí a fẹ́ wá láti ibòmíràn, láti Àrándùn, láti Òmùpo, láti Ẹ̀siẹ́. Ọmọbìnrin tí a bí sí Etí-Àpáta gan-an kò ní àyè tirẹ̀, ti ìyá rẹ̀ ni yóò máa bá a lò títí yóò fi lọ sílé ọkọ. Ọkùnrin kì í gùn ún àfi bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ fún ìyàwó mi lọ́sàn-án, ìdí àpáta ni màá dúró sí, màá máa pè é bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan.

Bí ìyàwó tuntun bá wọlé, ìbáà jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀, ìbáà jẹ́ ààfáà ló so yìgì, a ò tíì kà á sí ìyàwó Etí-Àpáta. Ó di àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ bá mú un gun àpáta, tòun ti ìgbálẹ̀ àti igbá omi. Gbogbo àwọn ìyàwó á ti wà níbẹ̀. Ìyá ọkọ á gbá ibì kan, á wọ́n omi sí i, á dárúkọ àwọn obìnrin tó ti lo ibẹ̀ ṣáájú, á wá ní, "Jókòó." Bí ọmọbìnrin náà bá ti jókòó, ó parí. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọkọ tó lè lé e lọ, bó ti wù kí inú bí i tó. Òun nìkan ló lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ. Kò sì sí ẹlòmíràn tó lè fún un ní àyè, ìyá ọkọ rẹ̀ náà ni, tàbí ẹni tí ìyá ọkọ bá fa iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ kó tó kú.

Télọ̀ kan wà ní abúlé wa tí ẹnu rẹ̀ mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan pé kó kó ẹrù ẹ̀ kó máa lọ. Obìnrin náà ò bá a jiyàn. Ó ká ẹní, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó lọ jókòó sí àyè rẹ̀ lórí àpáta. Àwọn tó kù gbé oúnjẹ lọ bá a, wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò sí obìnrin tó fi omi fún télọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìyá rẹ̀ gan-an ò fún un. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, télọ̀ ti wà nídìí àpáta, ó bọ́ fìlà, ó ń bẹ̀bẹ̀, àwa sì jókòó sábẹ́ àgbálùmọ̀, à ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Egúngún pàápàá ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Bí Eléwe bá jáde lọ́dún, gbogbo ibi ló lè jó dé, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan àpáta àfi bí àgbà ìyàwó bá fọwọ́ pè é. Ní ọdún kan, ijó dùn mọ́ Eléwe kan, ariwo àwọn èrò gùn ún, ó fò gun orí àpáta láìgbàṣẹ. Gbogbo àwọn ìyàwó kàn jókòó sí àyè wọn, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i. Ìlù dákẹ́. Tòun ti aṣọ rẹ̀ rẹpẹtẹ, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ń fi ohùn egúngún tọrọ gáfárà. Ìyá mi ló jẹ́ àgbà ìyàwó nígbà náà. Ó jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ dáadáa kó tó dá a lóhùn.

Ti òjò ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni mo máa ń rántí tí mo fi ń rẹ́rìn-ín dòní. Òjò kì í rọ̀ nínú ọyẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, a wà nínú àdúrà, a dijú, ni a gbọ́ ohùn ìyá Mùsùlùmí kan níta, "Òjò ń bọ̀ o." Pásítọ̀ ò tíì ṣe àmín tí ṣọ́ọ̀ṣì fi ṣófo. Onígbàgbọ́, Mùsùlùmí, àwọn tó ṣì ń bọ òrìṣà ilé bàbá wọn, gbogbo wa pàdé lórí àpáta, à ń fi aṣọ ìró àti fìlà kó gbódó. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ru agbọ̀n, ó yọ̀, ó ṣubú lulẹ̀ tòun ti agbọ̀n. A kó gbogbo rẹ̀ tán, òjò náà ò wá rọ̀ mọ́. Títí tó fi kúrò lábúlé wa, bó bá ti ní ká dijú, àwọn èwe á máa wo ojú fèrèsé.

Bàbá yín wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn Ìyá yín ló wà. Ìyá tó bí i kú láìpẹ́ lẹ́yìn tó bí i, kò tilẹ̀ fún un lọ́mú tó bó ti yẹ, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ àbúrò mi sì ti wá iṣẹ́ lọ sókè ọya. Ìyàwó mi ló gbé e. Bọ́lá ṣì ń mu ọmú nígbà náà, ó sì fún àwọn méjèèjì. Orí àpáta ló ti kọ́ ìrákòrò, òkúta gbígbóná jó o lórúnkún, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹ lọ wò ó. Nígbà tó wọ ilé ìwé gíga ní Ìlọrin, àwọn ìyàwó abúlé ń mú gbódó lára tiwọn, wọ́n ń dà á jọ fún un kí ebi má baà pa á níbi tó wà. Kò sí èyí tó bí i nínú wọn. Gbogbo wọn ló ń pè é ní ọkọ wa.

Ọmọ yìí ló wá láti Èkó nínú ọyẹ́ kan, tòun ti ọkùnrin méjì tó wọ bàtà gíga. Ọjọ́ ọjà Òmù-Àrán ló wá. Ẹ gbọ́ o, ọjọ́ ọjà. Kò sí ìyàwó kankan nílé, ó sì mọ̀ pé wọn ò ní sí nílé. Ó kó àwa ọkùnrin jọ sábẹ́ àgbálùmọ̀, ó fún wa ní mínírà mu, ó bi ìyá mi léèrè lọ́wọ́ mi bí ẹni tí kò mọ̀ pé ó ti kú lójijì, láìfa iṣẹ́ àpáta lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó ní àwọn àlejò òun fẹ́ mọ ìtàn abúlé wa. Inú mi dùn. Mo sọ ti odò, mo sọ ti Eléwe, mo sọ ti télọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Bánkọ́lé wá na fóònù sí wa lẹ́nu, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ta ló ni àpáta yìí nínú yín?" Kí la fẹ́ sọ? Ohun tí bàbá wa yóò sọ la sọ. Oníkálùkù ní kì í ṣe tòun. Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Kì í ṣe tèmi. Ọkùnrin kì í ní in. Àwọn ìyàwó ni kí ẹ bi." Ó ní ẹ ṣeun, ó fi fóònù sápò.

Bó bá jẹ́ àlejò ló bi wá bẹ́ẹ̀, màá ní kò mọ̀. Bánkọ́lé mọ̀. Ó mọ ohun tí a máa sọ kó tó bi wá, torí ẹ̀yìn ìyàwó abúlé ló ti dàgbà. Ẹnu wa ló fi gba àpáta lọ́wọ́ àwọn ìyá tó tọ́ ọ.

Nígbà tí Ìyá yín ti ọjà dé, mo ròyìn fún un. Kò fura. Ó ní, "Bánkọ́lé mi ni? Bóyá ó fẹ́ kí wọ́n máa wá wò ó bí wọ́n ti ń lọ wo ère Ẹ̀siẹ́ ni." Ó tilẹ̀ di gbódó fún un pé bó bá tún wá, kó gbé e lọ fún ìyá tó bí yín ní Èkó. Gbódó náà wà níbẹ̀ títí kòkòrò fi wọ̀ ọ́.

Ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ni katapílà dé. Orí àpáta ti funfun fún gbódó. Ẹnì kan tó dé akoto dúró nídìí rẹ̀, ó ní kí àwọn obìnrin kó nǹkan wọn, ilé iṣẹ́ afọ́kúta ti ra ibẹ̀. Wọ́n jókòó sí àyè wọn, gbogbo wọn, bí wọ́n ti jókòó fún Eléwe. Ọkùnrin náà ò mọ ohun tó túmọ̀ sí. A kó ara wa lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó tan fóònù fún wa. Mo gbọ́ ohùn ara mi, ketekete, "Kì í ṣe tèmi. Ọkùnrin kì í ní in." Ibẹ̀ ló gé e sí. Ó ní ṣé ẹ gbọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní kì í ṣe tiyín, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bá ti ní, ẹbí ló ni ín, ọmọ ẹbí ló sì ti tà á fún wa. Mo ní àwọn ìyàwó ńkọ́. Ó ní àwọn ìyàwó? Ó ní ibo ni wọ́n ti gbọ́ pé ẹni tí a fẹ́ wá ní ilẹ̀ lábúlé ọkọ.

Ìyá yín ní kí n pe Bánkọ́lé fún òun. Mo pè é, mo gbé fóònù fún un lórí àpáta níbi tó jókòó sí. Mo gbọ́ ohùn bàbá yín nínú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ wọn. Wọ́n máa ṣe títì fún yín, wọ́n máa gbé iná wá." Ìyá yín mú fóònù kúrò létí. Ó da fóònù padà fún mi, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbódó rẹ̀ sínú agbọ̀n. Nígbà tí àwọn tó kù rí i tó dìde, wọ́n dìde. Mo ti gbé pẹ̀lú obìnrin yìí láti ìgbà èwe wa, mo sì lè sọ fún yín pé ó wù mí kó sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n fọ́ ọ. Tí wọ́n bá ti fi ẹ̀tù yìn ín, ilẹ̀ á mì, ògiri á là, ewúrẹ́ á já okùn. Páànù mọ́sálásí jábọ́. Oníkálùkù bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ, àwọn kan sí Òmùpo, àwọn kan sí Ìlọrin, èmi sí ọ̀dọ̀ Bọ́lá níbí. Títì tí wọ́n ṣe, ti típà ni. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni ihò ńlá kan tí omi rẹ̀ dúdú, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gun ọ̀kadà lọ ya fọ́tò nídìí rẹ̀.

Kí a tó kó, Ìyá yín ti di ẹrù tirẹ̀. Mo bi í pé ṣé èmi ló ń bínú sí. Ó ní rárá. Ó ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ ò ṣẹ̀ mí. Àyè tí wọ́n fi sọ mí dìyàwó síbí ni ò sí mọ́. N kò lè máa jókòó sínú ilé yín bí àlejò." Mo bẹ̀ ẹ́. Bọ́lá bẹ̀ ẹ́. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Àrándùn, ó gbé agbọ̀n rẹ̀ lé itan. Ìgbà tí mo rí i tó ń lọ ni mo tó mọ̀ pé bàbá yín ti mú nǹkan mìíràn lọ́wọ́ mi yàtọ̀ sí àpáta. Mo ti dàgbà jù láti máa dá nìkan sùn.

Ẹ má sọ fún mi pé kò mọ̀ pé yóò dà báyìí. Òun náà sọ ọ́ fún mi lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun máa da sìmẹ́ńtì sí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé Bọ́lá, yóò tẹ́, yóò fẹ̀, Ìyá á máa rí ibi sá gbódó, kó kàn padà wá. Mo fẹ́ pa fóònù náà. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ni mo ń wá, n kò sì fẹ́ kí ìbínú mi dí i lọ́nà. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Àrándùn.

Tapólì ló tẹ́ sí àgbàlá àbúrò rẹ̀, ó ń yí gbódó díẹ̀ lórí rẹ̀. Kò dún. Ó gbé àga fún mi, ó fi ìkúnlẹ̀ gbé omi fún mi, bí wọ́n ti ń ṣe fún àna. Mo ro gbogbo ohun tí Bánkọ́lé sọ. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó ní, "Bánkọ́lé ṣeun. Kó dà á, ó dáa." Inú mi dùn, mo ti ń wo ibi tí ẹrù rẹ̀ wà. Ó wá wò mí lójú, kò bínú, ó ní, "Ta ni yóò wá mú mi gùn ún, Bàbá Bọ́lá? Ìyá wa ti kú."

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó bá mi gbé lọ fún bàbá yín nìyẹn. Ẹ má fi tèmi kún un.